Ẹ̀gà Tó Ń Tú Ilé Ara Rẹ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni akọ ẹ̀gà ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Á fò lọ sórí ọ̀pẹ, á fa ewé ya, á gbé e padà wá sórí ẹ̀ka tó yàn, á hun ún mọ́ èyí tó ti wà níbẹ̀, á tún fò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí ilé yóò fi pé: òrùlé rẹ̀ dì, yàrá rẹ̀ jinlẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹyẹ kan náà á bà lé ilé kan náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi bọ́ sílẹ̀. Kò sí àṣá tó lé e. Kò sí ejò tó wọlé. Kò sí ọmọdé tó sọ òkò. Òun ló kọ́ ọ, òun náà ló tú u. Kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní ojú ibi tí èyí àkọ́kọ́ wà.

Ẹni tó ń gbé abẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀ á wò ó, á mirí. Àwọn kan á ní ẹyẹ náà ti ya wèrè. Àwọn mìíràn á ní àmì ni, pé ẹnìkan nínú ilé yẹn ti fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ ní sọ nǹkan kan, nítorí wọn kò rí i. Ó ṣòro láti dé ìlú Yorùbá kan tí ẹ̀gà kò sí. Ó wà lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, lórí máńgòrò ọgbà iléèwé, lórí igi tó na apá sórí odò. Ariwo rẹ̀ ni ọmọdé kọ́kọ́ ń mọ̀, òun náà ni àgbà fi ń bá ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ wí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ kì í pẹ́ di ohun tí ojú ń fò. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ẹyẹ tó ń bá ènìyàn gbé àgbàlá, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ìwà rẹ̀ ta kókó tó ti ẹ̀gà, tí títú kókó náà sì dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnu àti ẹsẹ̀ nìkan ni irinṣẹ́ rẹ̀. Tó bá dé orí imọ̀ ọ̀pẹ, á fi ẹnu gé etí ewé díẹ̀, á di ibi tó gé náà mú ṣinṣin, á sì fò. Bó ti ń fò lọ ni ewé ń ya tẹ̀lé e, títí yóò fi já ní fọ́nrán gígùn tín-ín-rín. Lórí ẹ̀ka, á kọ́kọ́ so fọ́nrán pọ̀ di òrùka, inú òrùka yìí ni yóò sì dúró sí títí iṣẹ́ yóò fi parí. Á hun iwájú rẹ̀ di yàrá tí ẹyin yóò wà, á hun òkè orí rẹ̀ di òrùlé, á wá hun apá ẹ̀yìn di ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré tí ẹnu ọ̀nà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ara rẹ̀ ni òṣùwọ̀n: ibi tí ẹnu rẹ̀ bá nà dé láti inú òrùka ni ògiri yóò dé. Ó ń ki fọ́nrán bọ inú, ó ń fà á jáde ní òdìkejì, ó ń lọ́ ọ, ó ń yí i padà. Ẹni tó bá mú ìtẹ́ àtijọ́ kan tó já bọ́, tó sì fara balẹ̀ tú u, yóò bá oríṣiríṣi kókó àti ìlọ́po níbẹ̀ tí ènìyàn pàápàá ń fi okùn ṣe.

Tọkọtaya ará Amẹ́ríkà kan, Nicholas àti Elsie Collias, wà lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé wọn ṣọ́ ẹyẹ yìí. Wọ́n wò ó ní Congo nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Belgium, wọ́n sì tún sìn ín nínú ilé àwọ̀n ńlá ní Los Angeles, níbi tí Nicholas ti ń kọ́ni ní yunifásítì. Ìwé tí wọ́n kọ lórí bí ẹyẹ ṣe ń kọ́ ìtẹ́ jáde ní 1984. Ohun tí wọ́n rí ni pé akọ ló ń kọ́lé, ṣùgbọ́n abo ló ń dájọ́.

Tí ilé bá ti pé, akọ á rọ̀ dirodiro sísàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, á dorí kodò, á máa gbọn ìyẹ́ kí àwọ̀ ìyeyè abẹ́ rẹ̀ lè hàn, á sì máa ké. Abo tó bá ń kọjá á yà. Á wọlé, á fi ẹnu fa ibí, á fi ẹnu ta ọ̀hún. Tí ilé bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, òun ni yóò kó koríko rírọ̀ àti ìyẹ́ tẹ́ inú rẹ̀, tí yóò yé sí i, tí yóò sàba. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fò lọ sọ́dọ̀ akọ mìíràn. Ilé tí abo ń fẹ́ ni èyí tí ewé rẹ̀ ṣì tutù minimini. Èyí tó ti gbẹ, tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, abo kì í sábà yà síbẹ̀. Ó ní ìdí. Ewé tútù ń tẹ̀, ó ń lọ́, ó ń fún mọ́ra. Ewé tó ti gbẹ ń ṣẹ́, ìtẹ́ tó sì ti ń gbẹ kí ẹyin tó wọ inú rẹ̀ lè já bọ́ kí ọmọ tó lè fò, pàápàá nígbà tí ìjì àárín òjò bá ń fi ẹ̀ka jì.

Akọ tó bá ti ké títí lábẹ́ ilé kan, tí ilé náà ti gbẹ láìrí abo kan gbà á, ẹrù ló ń gbé kiri. Àyè tó ní lórí ẹ̀ka kò pọ̀, akọ mìíràn wà ní ọ̀tún, òmíràn wà ní òsì, olúkúlùkù ló sì ń ṣọ́ tirẹ̀ kíkankíkan. Bí kò bá tú ti àtijọ́, kò ní ríbi kọ́ tuntun. Ohun tí ará ilé rí gẹ́gẹ́ bí wèrè, ìṣirò ni. Ó sì dára kí ènìyàn dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kì í rọrùn fún ọkàn wa láti wo iṣẹ́ ọwọ́ tó parí kó máa bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Àánú ni ó ń ṣe wá. Ẹyẹ náà kò káàánú. Òùngbẹ ewé tútù ló ń gbẹ ẹ́, ó sì ti padà sórí ọ̀pẹ.

Àwọn ìtẹ́ jákujàku náà ní ìtàn tiwọn. Nítòsí igi ẹ̀gà, ènìyàn á rí ìtẹ́ tí kò lórùlé, òmíràn tó jẹ́ òrùka lásán, òmíràn tí koríko rẹ̀ kàn rí wúrúwúrú. Kò sí abo tó ń yà wò wọ́n, kò sì sí ẹyin nínú wọn. Iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ akọ ni. Ní 1964, tọkọtaya Collias tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n tọ́ ọmọ ẹ̀gà mélòó kan dàgbà láìjẹ́ kí wọ́n rí ewé tàbí koríko tí wọ́n lè fi hun nǹkan, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wọn máa rí i. Nígbà tí wọ́n wá kó ewé síwájú gbogbo wọn, àwọn tí kò dánra wò ní èwe ń ṣe gọ́gọ́, ó nira fún wọn láti hun fọ́nrán kan ṣoṣo wọlé kó dúró, nígbà tí àwọn yòókù ń hun tiwọn lọ. Bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń fi òwú jíjá dánra wò nídìí òfì ni ọ̀dọ́ ẹ̀gà rí. Iṣẹ́ tí gbogbo ayé gbà pé Ọlọ́run kàn dá mọ́ ẹyẹ, ìdánrawò wà nínú rẹ̀, àṣìṣe wà nínú rẹ̀, ọjọ́ orí wà nínú rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọ̀pẹ àárín ilé ló wù ú, nígbà tí ọ̀pẹ kún inú igbó? Ejò ń jẹ ẹyin àti ọmọ rẹ̀, àṣá ń gbé e, ọ̀bọ ń ya ìtẹ́ rẹ̀. Ibi tí ènìyàn bá pọ̀ sí, àwọn ọ̀tá wọ̀nyí kì í wá láìbẹ̀rù. Ìdí kan náà ló fi ń fi ìtẹ́ kọ́ ṣóńṣó ẹ̀ka, tàbí sórí omi, níbi tí ejò kò ti ní rí ibi tó nípọn gùn. Onílé ń bínú sí ariwo; onílé náà ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹ̀gà.

Ẹ̀sùn tí àgbẹ̀ ń fi kan ẹyẹ yìí kì í ṣe irọ́. Ó lè ya ewé ọ̀pẹ títí yóò fi ku egungun imọ̀ nìkan, ọ̀pẹ tí kò sì ní ewé kò lè so bó ṣe yẹ. Ó ń jẹ ìrẹsì tó gbó, ó ń jẹ ọkà bàbà, ó ń jẹ àgbàdo. Ẹni tí ọ̀wọ́ ẹ̀gà bá wọ oko ìrẹsì rẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́ ìtàn bó ṣe ń hun ilé, a kò sì lè bá a wí. Kí ẹni tó ń ṣírò gbèsè náà kàn rántí ìdá kejì: kòkòrò ni ẹ̀gà fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀ jù, tata àti kòkòrò ajẹ̀wé, ní àkókò gan-an tí wọ́n ń yọ irúgbìn lẹ́nu.

Ìtàn tó jinlẹ̀ jù wà nínú ẹyin. Bí a bá kó ẹyin jọ láti inú ọ̀pọ̀ ìtẹ́ lórí igi kan, òmíràn á funfun báláú, òmíràn á jọ àwọ̀ ojú ọ̀run, òmíràn á jọ ewé. Òmíràn á ní tó-tò-tó, òmíràn kò ní ní. Ṣùgbọ́n ẹyin inú ìtẹ́ kan ṣoṣo jọra. Olùwádìí kan, Janice Victoria, fi hàn nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1972 pé irú ẹyin kan náà ni abo kọ̀ọ̀kan ń yé, àti pé ó lè dá tirẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

Olè ló fà á. Ẹyẹ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní diederik cuckoo. Ó kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ aláwọ̀ ewé ń dán, ojú rẹ̀ pupa. Kì í kọ́ ìtẹ́ títí ayé rẹ̀. Abo rẹ̀ á yọ́ wọ ìtẹ́ ẹ̀gà, á gbé ẹyin onílé kan kúrò, á yé tirẹ̀ sípò rẹ̀, á sì lọ láìbojú wẹ̀yìn. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ jáde á ti ẹyin tàbí ọmọ onílé dànù, ẹ̀gà á sì máa wá oúnjẹ kiri fún ọmọ ọlọ́mọ. Nítorí èyí ni abo ẹ̀gà ṣe mọ àwọ̀ ẹyin tirẹ̀ bí ẹni mowó: èyí tí kò bá bá a mu, á gbé e sọ sóde. Bí àwọ̀ ẹyin àwọn abo bá sì ṣe yàtọ̀ síra tó lórí igi kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe nira tó fún olè láti yé ẹyin tí yóò jọ ti ilé tó wọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dé òkè òkun. Ó ti lé ní 200 ọdún tí wọ́n ti kó ẹ̀gà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé erékùṣù Hispaniola, níbi tí Haiti àti Dominican Republic wà lónìí. Ayé òwò ẹrú ni. Nínú àwọn ènìyàn tí wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ Yorùbá wà. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, orúkọ náà sì wà nínú ẹ̀sìn àwọn ará Haiti di òní olónìí. Ẹyẹ tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ ilé baba wọn tún wá ń pariwo lórí ọ̀pẹ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n olè tó ń yọ́ wọ ìtẹ́ rẹ̀ kò bá a wọkọ̀. Ní 1886, wọ́n tún kó ẹ̀gà láti Gúúsù Áfíríkà lọ sí erékùṣù Mauritius, níbi tí olè náà kò sí pẹ̀lú. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, David Lahti, lọ yẹ ẹyin wò ní erékùṣù méjèèjì, ó fi wọ́n wé ti ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 2005. Ẹyin abo kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì mọ́, àwọn ẹyin inú ìtẹ́ kan ṣoṣo kò sì fi bẹ́ẹ̀ jọra mọ́. Olè ti kúrò nílẹ̀, àmì tí onílé fi ń dá ẹrù rẹ̀ mọ̀ sì ti ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n ọdún tó tó fún ìdílé kan láti gbàgbé èdè baba rẹ̀ náà ló tó fún ẹ̀gà láti yí àwọ̀ ẹyin padà.

Lékeléke ní tirẹ̀ kò dúró de ọkọ̀. Ní nǹkan bí 1877 sí 1882 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní 1941 ó dé Florida. Áfíríkà ni ó ti fò kọjá òkun, afẹ́fẹ́ sì tì í lẹ́yìn. Ẹyẹ tí àwọn ọmọdé wa ń na ọwọ́ sí ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń bẹ̀ pé kó fi funfun sí àwọn léèékánná, ni ẹyẹ tó ń tẹ̀lé màlúù ní Brazil lónìí. Kò sì fẹ́ràn màlúù ju bó ṣe yẹ lọ: ẹsẹ̀ màlúù ló ń ta tata jáde nínú koríko. Àwọn tó ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ rí i pé lékeléke tó bá bá màlúù rìn ń rí oúnjẹ púpọ̀ sí i, kì í sì í rìn tó èyí tó dá wà. Bí katakata bá ń tú ilẹ̀ oko, á tẹ̀lé katakata.

Àwọn ìwà ẹyẹ mìíràn wà tí a ó fi ẹsẹ̀ kan kọjá. Àdàbà tó na ìyẹ́ kan sókè, tó sùn gbalaja sínú oòrùn ọ̀sán bí ẹni pé ó fẹ́ kú, ń yá oòrùn ni. Ooru náà ń da kòkòrò inú ìyẹ́ rẹ̀ láàmú. Ológoṣẹ́ tó ń yí nínú eruku ń fọ ara rẹ̀. Ẹyẹ tó ń gbé èèrà, tó ń fi nu abẹ́ apá, tún wà: ọ̀pọ̀ irú ẹyẹ ló ń ṣe é káàkiri ayé, àwọn onímọ̀ kò sì tíì fẹnu kò lórí ìdí rẹ̀.

Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ ìdílé láàmú lóde òní kò sí lórí igi. Ara dígí ló wà. Onímọ́tò á jí, á bá ẹyẹ kékeré kan lára dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, tó ń sọ ọ́ lẹ́nu, tó ń fi ìyẹ́ lù ú, tó ń yàgbẹ́ sára ilẹ̀kùn. Á lé e, á padà. Á tún rí i lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ìbéèrè á ti dé: ta ló rán an? Àwọn kan á gbààwẹ̀, àwọn kan á lọ bá wòlíì tàbí àáfà, oorun á dá lójú ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹyẹ náà kò mọ onímọ́tò. Akọ mìíràn ló rí. Ní ìgbà tí ẹyẹ ń yé, akọ ń ṣọ́ àyè rẹ̀. Tí akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dé, wọ́n á ké, wọ́n á dúró gbọn-in, ọ̀kan nínú wọn á sì sá. Èyí tó wà nínú dígí kì í sá. Bí ti òde bá ṣe bínú tó ni ti inú dígí ń bínú tó, ìjà kò sì lè parí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ ẹyẹ kan, David Lack, ṣọ́ robin, ẹyẹ kékeré aláyà pupa tí àwọn Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ń rí nínú ọgbà wọn lójoojúmọ́, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1943. Akọ robin bá òkú robin tí wọ́n ki nǹkan sí nínú jà. Nígbà tí wọ́n gbé ìdì ìyẹ́ pupa lásán síwájú rẹ̀, tí kò lórí, tí kò lẹ́sẹ̀, ó bá ìyẹn náà jà.

Ẹyẹ díẹ̀ ló fi hàn pé òun mọ ara òun nínú dígí. Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Jámánì fi àmì aláwọ̀ sí ọrùn magpie, ìbátan kannakánná, ní ibi tí kò lè rí láìwo dígí. Mélòó kan nínú àwọn ẹyẹ náà wo dígí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ họ ọrùn ara wọn láti mú àmì náà kúrò. Ẹyẹ ara mọ́tò kò ní irú òye yẹn. Kí onímọ́tò fi ọ̀rá tàbí ìbọ̀sẹ̀ bo dígí rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀tá yóò pòórá, ẹyẹ yóò padà sídìí ọmọ rẹ̀.

Ti òwìwí ló ń bani nínú jẹ́ jù. Ní ọ̀sán gangan, àwọn ẹyẹ kéékèèké á gba igi kan, wọ́n á máa ké fatafata, wọ́n á máa já wálẹ̀ sórí nǹkan kan láàárín ewé. Ará ilé á gbójú sókè, á rí òwìwí. Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún un láti kékeré nípa ẹyẹ àjẹ́ á sọ sí i lọ́kàn, á sì ní àwọn ẹyẹ fúnra wọn ti jẹ́rìí. Òkò ni ó kù.

Ẹ̀rí tí àwọn ẹyẹ ń jẹ́ yàtọ̀. Òwìwí ń gbé wọn àti ọmọ wọn lóru. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fẹ́ kó ṣí kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ariwo náà tún jẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ní 1978, olùwádìí Eberhard Curio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ṣe ọgbọ́n kan fún ẹyẹ blackbird: ẹyẹ kan rí òwìwí, ó ń pariwo lé e lórí, ẹyẹ kejì tó ń wò ó láti òdìkejì kò rí òwìwí rárá, ẹyẹ àjèjì kan tí kò lè pani lára ló rí. Ẹyẹ kejì gbà pé ẹyẹ àjèjì yìí ni wọ́n ń pariwo lé lórí, láti ọjọ́ náà ni ó sì ti ń pariwo lé e, tó sì ń kọ́ àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi ìgò ike dán an wò, àwọn ẹyẹ náà sì kọ́ láti bẹ̀rù ìgò ike. Ẹni tó bá ronú lórí ìdánwò yìí yóò rí bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ láti bẹ̀rù òwìwí: a kò rí ibi tó ṣe, àwọn tó ṣáájú wa la rí tí wọ́n ń pariwo.

Òwìwí funfun tó ń sùn nínú àjà àti nínú ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì, eku ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Eku tó ń gbé ibà Lassa kiri wà lára ohun tó ń jẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára ibi tí ibà náà ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Ìdílé tó pa òwìwí nínú àjà ti pa ológbò tó ń fò.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí àgbà sọ nípa ẹyẹ ni ìwádìí ń ta kò. Àwọn tó sọ pé ẹ̀lúlùú ń pe òjò ti fi etí ṣọ́ ọ dáadáa: ìgbà òjò ni ó ń pa ọmọ, ìgbà yẹn sì ni ohùn rẹ̀ ń pọ̀, torí kòkòrò àti ọ̀pọ̀lọ́ pọ̀ nílẹ̀. Àkùkọ náà ńkọ́, tí àwọn baba ńlá wa fi ṣe aago? Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Nagoya, ní Japan, fi àkùkọ sínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò yí padà tọ̀sán-tòru. Síbẹ̀ àwọn àkùkọ náà ń kọ ní àkókò tó yẹ kí ilẹ̀ máa mọ́. Aago wà nínú ara wọn. Ní 2015, àwọn olùwádìí náà tún fi hàn pé nínú agbo àkùkọ kan, ọ̀gá wọn ló ń kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ni igbákejì, tí wọ́n á sì máa tẹ̀lé ara wọn bí ipò wọn ṣe rí. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀gá kúrò, igbákejì ló bẹ̀rẹ̀. Yorùbá tó bá sin àkùkọ mẹ́ta ní ẹ̀yìnkùlé lè jí ní ìdájí, kó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Ohun tó yẹ kó dun ẹni tó fẹ́ràn ilẹ̀ yìí ni bí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ṣe jẹ́ iṣẹ́ àlejò. Ní 1958, J. H. Elgood, tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, kọ àpèjúwe ẹyẹ kan tí ayé ìmọ̀ kò tíì mọ̀. Ìbátan ẹ̀gà ni, dúdú àti pupa ni, Malimbus ibadanensis ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ Ìbàdàn wà lára rẹ̀. Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ó ń gbé ní gbogbo ayé, ó sì wà lára àwọn ẹyẹ tó lè run, nítorí igbó ń tán. Igbó inú ọgbà ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn wà lára ibi díẹ̀ tí a ti lè rí i. Ọmọ iléèwé tó lè ka orúkọ agbábọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì mọ́kànlá láìsinmi yẹ kó mọ ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀.

Ọ̀nà láti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Ní Jos, ilé ìwádìí ẹyẹ APLORI wà ní abẹ́ yunifásítì ìlú náà, iṣẹ́ yíya máàpù ẹyẹ Nàìjíríà sì ń gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lásán tó bá rí ẹyẹ níbi tí wọ́n ń gbé. Olùkọ́ tí igi ẹ̀gà wà ní ọgbà iléèwé rẹ̀ kò nílò owó ìjọba: kó kó àwọn ọmọ jókòó sábẹ́ igi, kí wọ́n ka iye ìtẹ́, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹ̀gà tú èyí tó tú. Onílé tó sì ti pọ́n àáké sílẹ̀ nítorí ariwo, ẹ̀bẹ̀ kan ni a ń bẹ̀ ẹ́. Ẹyin ẹ̀gà ń gba nǹkan bí ọjọ́ 12 kó tó pa, ọmọ rẹ̀ á sì lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ìtẹ́. Kó dúró títí àwọn ọmọ yóò fi fò, kó tó gé e. Bó bá sì lè fi ọ̀pẹ náà sílẹ̀ pátápátá, yóò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.